Owó Oúnjẹ Kì Í Ṣe Oúnjẹ

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ara mi ni mo fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn àgbà ní ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní òwe yìí láìmọye ìgbà; mo ti ní kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀, mo sì ti fún ẹni tí ó túmọ̀ rẹ̀ dáadáa ní máàkì. Ṣùgbọ́n èmi fúnra mi kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ títí di òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan báyìí, tí mo na ọmọ tí ebi ń pa.

Ìṣirò ni a ń ṣe. Aago mẹ́wàá kò tíì lù. Ọmọkùnrin kan wà ní ìjókòó kẹta, ọmọ bí ọdún mẹ́jọ. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Orí rẹ̀ ń yẹ̀ síhìn-ín, ó ń yẹ̀ sọ́hùn-ún, bí orí ẹni tí ó ṣọ́ òkú mọ́jú. Mo pè é lẹ́ẹ̀kan, kò dáhùn. Mo pè é lẹ́ẹ̀kejì, ó la ojú, ó sì tún dì í. Inú bí mi. Mo ní kí ó dìde, mo sì nà án lẹ́gba méjì ní àtẹ́lẹwọ́. Ọmọ náà kò sunkún. Ohun tí ó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù nìyẹn, nítorí ọmọ tí ara rẹ̀ dá, bí a bá nà án, yóò sunkún. Ńṣe ni ó rọra jókòó, ó gbé orí lé tábìlì. Kò pẹ́ tí ó fi bì, kò sì sí ohunkóhun nínú èébì náà bí kò ṣe omi pupa rúsúrúsú.

Mo mú un jáde sí abẹ́ igi, mo bu omi fún un. Mo bi í pé, "Kí ni o jẹ kí o tó wá sí iléèwé?"

Ó ní, "Bísíkíìtì, sà."

"Alẹ́ àná ńkọ́?"

"Ẹ̀bà, sà."

"Kí ni o fi jẹ ẹ́?"

"Ọbẹ̀ ata, sà."

"Ẹran ńkọ́? Ẹja ńkọ́?"

Ọmọ náà wo ilẹ̀. Ó ní, "Ti bàbá mi nìyẹn, sà."

Mo lọ sí ẹnu géètì, mo ra àkàrà mẹ́rin àti ẹ̀kọ méjì fún un. Ó jẹ gbogbo rẹ̀ tán láìgbójú sókè. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán, ó ti ń bá ẹnìkejì rẹ̀ jà nítorí rọ́bà tí wọ́n fi ń pa ìwé rẹ́. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́, inú mi kò dùn sí ìjà ọmọdé rí bí ti ọjọ́ náà.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo mú ọ̀nà ọjà pọ̀n láti lọ rí ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni ẹ rò pé ìyá ọmọ yìí ń tà? Ẹ̀wà ni! Ẹ̀wà olóyin kún àpò kan, ẹ̀wà funfun kún èkejì, sọ́yà kún ẹ̀kẹta, kóńgò sì wà lórí wọn. Nígbà tí ó rí mi, ó dìde, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà. Ṣé kò sí o? Ṣé ọmọ mi kò ṣe nǹkan?" Mo ní, "Kò ṣe nǹkan, màmá. Èmi ni mo ṣe nǹkan." Mo sì ro gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ẹgba méjì náà.

Ó káwọ́ lérí. Ó ní, "Háà! Tíṣà, mo ń fún un lówó oúnjẹ ní gbogbo òwúrọ̀ tí Ọlọ́run dá! Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni mo ń jáde nítorí ọkọ̀ tí ń kó ọjà wá. Ìgbà wo ni n óò dáná?"

Mo gbà á gbọ́. Obìnrin náà kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe ìkà. Nítorí ọmọ ni ó ṣe ń sáré, sísáré náà ni kò sì jẹ́ kí ó rí àyè bọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n owó oúnjẹ kì í ṣe oúnjẹ. Bí owó bá dé ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, ohun tí ojú rẹ̀ bá fẹ́ ni yóò rà, kì í ṣe ohun tí ara rẹ̀ ń fẹ́. Bísíkíìtì wà nínú ọ̀rá pupa tí ń dán, ẹ̀wà sì wà nínú ìkòkò dúdú. Ta ni kò mọ èyí tí ọmọdé yóò yàn?

IṢẸ́ ÌWÉ TÍ Ó LA OJÚ MI

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó pé, bí ti ọmọ kan bá rí báyìí, àwọn yòókù ńkọ́? Mo wá dá ọgbọ́n kan. Mo ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan máa kọ ohun tí ó bá jẹ láti òwúrọ̀ di alẹ́ sínú ìwé fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo sì pe iṣẹ́ náà ní àròkọ. Àwọn tí ọwọ́ wọn kò tíì yá nínú ìwé kíkọ ya àwòrán. Mo kó ìwé wọn lọ sílé, mo sì fi ọ̀pọ̀ alẹ́ kà wọ́n.

Ohun mẹ́ta ni mo rí. Èkíní ni pé oúnjẹ òwúrọ̀ ni ó burú jù nínú oúnjẹ àwọn ọmọ wa. Bísíkíìtì, pọ́fpọ́f, búrẹ́dì lásán, ọtí ẹlẹ́rìndòdò: èyí ni púpọ̀ nínú wọn fi ń ṣí ọ̀nà ọ̀fun. Èkejì ni pé ọmọ olówó kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju ọmọ tálákà lọ. Ọmọ kan tí bàbá rẹ̀ ń fi mọ́tò gbé wá sí iléèwé kọ ìndómì sílẹ̀ ní òwúrọ̀ márùn-ún léraléra, kò sì sí ẹyin tàbí ẹja nínú ọ̀kankan.

Ẹ̀kẹta ni ó yà mí lẹ́nu jù. Ọmọbìnrin kan tí ń gbé lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀, tí aṣọ iléèwé rẹ̀ ti gbó, òun ni oúnjẹ rẹ̀ dára jù. Àdàlú ni ó kọ fún ọjọ́ Ajé. Àmàlà, ewédú àti ẹja ṣáwá ni ó kọ fún ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ ni ó kọ fún Ọjọ́rú. Ó tún kọ ìbẹ́pẹ mọ́ ọjọ́ púpọ̀, nítorí igi rẹ̀ wà ní ẹ̀yìnkùlé wọn. Ìyá àgbà náà kò mọ ìwé. Oúnjẹ ni ó mọ̀.

Nígbà náà ni ó yé mi pé kì í ṣe owó nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí dúró lé. Ohun tí ara ọmọ ń fẹ́ wà ní ọjà wa, ó wà lórí àtẹ wa, ó tilẹ̀ wà ní ẹ̀yìnkùlé wa. Ọ̀nà láti ibẹ̀ dé ẹnu ọmọ ni ó dí.

ARA ỌMỌ DÀ BÍ ILÉ TÍ A Ń KỌ́

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín bí mo ti ń là á yé àwọn ọmọ kíláàsì. Ẹni tí ó bá ń kọ́lé nílò alágbàṣe tí ó lágbára, ó nílò búlọ́ọ̀kù, ó sì nílò bíríkìlà tí yóò tọ́ iṣẹ́ sọ́nà. Gàrí, iṣu, ìrẹsì, àgbàdo, búrẹ́dì, epo àti ṣúgà ni oúnjẹ afáralókun. Agbára alágbàṣe nìyẹn. Ẹ̀wà, ẹja, ẹyin, ẹran, ẹ̀pà, ẹ̀gúsí, wàrà àti sọ́yà ni oúnjẹ amáradàgbà, búlọ́ọ̀kù nìyẹn. Ẹ̀fọ́ àti èso ni oúnjẹ aṣaralóore. Àwọn ni bíríkìlà tí ń tọ́ iṣẹ́ sọ́nà nínú ara, tí wọ́n sì ń bá wa lé àrùn sẹ́yìn. Bí ogún alágbàṣe bá dé orí ilẹ̀ tí kò sí búlọ́ọ̀kù, ariwo lásán ni wọn yóò máa pa. Bẹ́ẹ̀ ni ti ọmọ tí ó jẹ ẹ̀bà lọ́sàn-án, tí ó jẹ ẹ̀bà lálẹ́, tí kò sí nǹkan nínú ọbẹ̀ rẹ̀. Ikùn rẹ̀ kún, ilé rẹ̀ kò gòkè.

Ẹ̀yin oníṣòwò fẹ́ràn òṣùwọ̀n, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a gbé e lé òṣùwọ̀n. Ọmọ tí ó wọn kílò 20 nílò nǹkan bí gíráàmù 19 èròjà amáradàgbà lójúmọ́. Bí a bá wọn gàrí gíráàmù 100, èròjà náà tí ó wà nínú rẹ̀ kò tó gíráàmù 2. Bí a bá wọn ẹ̀wà gbígbẹ gíráàmù 100, ó lé ní gíráàmù 20. Ti sọ́yà lé ní gíráàmù 30. Ẹyin kan ní nǹkan bí gíráàmù 6. Ẹ̀pà ìkúnwọ́ kan, tí ó tó gíráàmù 28, ní nǹkan bí gíráàmù 7. Lóòótọ́ ni pé ti ẹyin, ẹja àti ẹran rọrùn fún ara láti lò ju ti ẹ̀wà àti ẹ̀pà lọ. Ṣùgbọ́n ẹ kò rí i bí? Ìyá tí kò lágbára láti ra ẹran lè fi abọ́ ẹ̀wà kan àti ẹ̀pà ìkúnwọ́ kan bo àṣírí ọmọ rẹ̀.

Kì í ṣe òní ni a ti mọ̀ pé ikùn lè kún kí ara ṣófo. Dókítà obìnrin kan, Cicely Williams, ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, èyí tí a ń pè ní Ghana lónìí. Ní 1935 ó kọ ìwé nípa àrùn tí àwọn ará Gáà ń pè ní kwashiorkor, àrùn tí ń mú ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú nígbà tí àbúrò rẹ̀ dé. Oúnjẹ àgbàdo nìkan ni wọ́n sábà máa ń fún àwọn ọmọ náà. Ẹsẹ̀ wọn wú, irun wọn pọ́n, eré kò sì wù wọ́n mọ́. Ìwádìí tí a ṣe lẹ́yìn náà fi hàn pé ohun tí ń fa àrùn yìí ju ẹyọ kan lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ wa kò yí padà: kì í ṣe gbogbo ọmọ tí ó jẹun ni ó jẹ ohun tí ara ń fẹ́.

Ní ilẹ̀ wa níbí náà, Dókítà David Morley, tí ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà láti 1956 títí di 1961, a máa wọn àwọn ọmọ kéékèèké lórí òṣùwọ̀n, a sì máa fa ilà ìdàgbàsókè wọn sórí káàdì tí ìyá ń mú lọ sílé. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ni ó ti mú ọgbọ́n káàdì náà lò. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ bá ti wọ iléèwé, ta ni ó tún ń wọ̀n ọ́n? Ojú ìyá àti ojú olùkọ́ ni ó kù tí ó jẹ́ òṣùwọ̀n.

ÌYÁ ALÁKÀRÀ ẸNU GÉÈTÌ

Nínú ìwé àwọn ọmọ mi, mo rí i pé ẹni tí ń fún wọn ní búlọ́ọ̀kù jù ní òwúrọ̀ kì í ṣe èmi, kì í sì í ṣe ìyá wọn. Ìyá alákàrà tí ó wà ní ẹnu géètì ni. Ẹ̀wà ni àkàrà, ẹ̀wà ni mọ́ínmọ́ín. Ẹ tún wo ọgbọ́n àwọn baba ńlá wa tí wọ́n fi ẹ̀kọ ti àkàrà lẹ́yìn, tí wọ́n da àgbàdo pọ̀ mọ́ ẹ̀wà tí wọ́n pè é ní àdàlú. Àwọn onímọ̀ ti wádìí rẹ̀ lónìí: ohun tí àgbàdo kò ní tó nínú èròjà amáradàgbà, ẹ̀wà ní in lọ́pọ̀lọpọ̀, ohun tí ẹ̀wà kò ní tó, àgbàdo a máa dí i. Bí a bá jẹ méjèèjì pọ̀, ara a rí búlọ́ọ̀kù tí ó pé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀wà àti ìrẹsì.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe gbójú lé ẹ̀kọ nìkan. Nígbà tí a bá lọ ògì tí a sì sẹ́ ẹ, púpọ̀ nínú ohun rere inú àgbàdo ni ó ń bá èèrí lọ. Ta ni ó ń jẹ èèrí? Ewúrẹ́ ni! Ìdí nìyí tí ẹ̀kọ mímu lásán, kódà bí a da ṣúgà sí i, kò fi lè gbé ọmọ dé ọ̀sán. Bí ìyá bá lọ sọ́yà tí a ti sè mọ́ ògì, tàbí tí ó fi àkàrà, mọ́ínmọ́ín tàbí ẹ̀pà tì í, ọ̀rọ̀ ti di òmíràn. Ẹ̀pà tí ó ti hu funfun tàbí tí ó korò ni kí ẹ dà nù, nítorí májèlé wà nínú rẹ̀.

ẸRAN BÀBÁ

Mo fẹ́ bá ẹ̀yin bàbá sọ ọ̀rọ̀ yìí, bàbá ni èmi náà. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, nígbà tí a bá bu ọbẹ̀, ẹran ńlá wà nínú abọ́ bàbá, kékeré wà nínú ti ìyá, omi ọbẹ̀ ni ó kù fún ọmọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò lè sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: ta ni ó ń dàgbà nínú ilé? Bàbá ti parí ilé tirẹ̀. Àtúnṣe díẹ̀díẹ̀ ni ó kù. Ọmọ ni ó wà ní ìdí ìpìlẹ̀. Àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé.

Àwọn kan ní bí a bá fi ẹyin tàbí ẹran bọ́ ọmọdé, yóò di olè. Èmi kò fi àwọn àgbà ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n fẹ́ kọ́ ọmọ ní ìkóra-ẹni-níjàánu ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi ti rí nínú kíláàsì ni mo fẹ́ sọ. Àwọn ọmọ tí mo ti mú pé wọ́n fọwọ́ kan àpò ẹlẹgbẹ́ wọn, oúnjẹ ni wọ́n ń wá níbẹ̀. Ebi ni ó kọ́ wọn lólè, kì í ṣe ẹyin.

Bí owó ẹran kò bá sí, ẹja ṣáwá wà, edé wà. Ẹja wẹ́wẹ́ tí a lè rún pẹ̀lú egungun rẹ̀ tún ń fún eegun àti eyín ọmọ lágbára. Ẹ lọ edé sínú ẹ̀wà ọmọ. Kò ní mọ̀, ara rẹ̀ ni yóò mọ̀.

Ẹ̀FỌ́ TÍ A FÚN DÀNÙ, EPO TÍ A JÓ

A ní tẹ̀tẹ̀, a ní ṣọkọ, a ní ewédú, a ní gbúre. Ṣùgbọ́n bí a ti ń se ẹ̀fọ́ ni ó ń bà á jẹ́. A ó gé e tán kí a tó fọ̀ ọ́, a ó bọ̀ ọ́ pẹ́ títí, a ó fún un, a ó sì da omi rẹ̀ sẹ́yìnkùlé. Omi tí a dà nù yẹn ti kó púpọ̀ nínú fítámì lọ. Ẹ fọ ẹ̀fọ́ kí ẹ tó gé e, ẹ má jẹ́ kí ó pẹ́ lórí iná.

Epo pupa tí a ń fojú tẹ́ńbẹ́lú lónìí nítorí òróró, ohun tí ó mú un pupa ni ara ń sọ di fítámì A, èyí tí kì í jẹ́ kí ojú ọmọ ṣókùnkùn ní àṣálẹ́. Bí a bá gbé epo kaná títí àwọ̀ rẹ̀ fi ṣí pátápátá, oore náà ti jóná. Máńgòrò, ìbẹ́pẹ àti ẹ̀fọ́ tútù náà ní in.

Ẹ má gbàgbé ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Ẹ̀dọ̀, ẹran àti ẹja ní èròjà irin tí ń mú ẹ̀jẹ̀ wá. Ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ náà ní in, ṣùgbọ́n ti inú wọn kì í tètè wọ ara. Ohun tí ó ń ràn án lọ́wọ́ láti wọ ara ni ọsàn. Nítorí náà, bí ọmọ bá jẹ ẹ̀wà tán, tí ó mu ọsàn kan lé e, oúnjẹ náà ti di ìlọ́po. Bí ọmọ bá sì ń jẹun dáadáa tí ojú rẹ̀ ṣì funfun, ẹ wo ti aràn. Aràn kan wà tí ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ tí kò wọ bàtà wọlé, tí ó sì ń mu ẹ̀jẹ̀ nínú ìfun. Níbi tí aràn bá ti wọ́pọ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà pé kí a máa fún ọmọ iléèwé lóògùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ẹ bi àwọn elétò ìlera léèrè.

Ti gẹ̀gẹ̀ kò tún le mọ́ bíi ti àtijọ́: láti 1993 ni òfin ilẹ̀ wa ti ní kí a máa fi èròjà ayódíìnì sínú iyọ̀ tí a ń tà. Ẹ ra iyọ̀ inú ọ̀rá tí wọ́n kọ ọ́ sí lára.

TA NI YÓÒ BỌ́ WỌN?

Ẹnìkan lè ní kí ìjọba bọ́ wọn. Ìjọba ti gbìyànjú. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ iléèwé ní oúnjẹ ọ̀sán ní 2006. Ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2016 fún àwọn ọmọ kíláàsì kìíní dé ìkẹta, wọ́n sì dá a dúró ní oṣù kìíní ọdún 2024. Mo gbóríyìn fún ẹni tí ó ṣe é. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ìjọba a máa nà, a sì máa ká. Ikùn ọmọ kì í ká. Oúnjẹ ọ̀sán kò sì lè gba ipò ti òwúrọ̀, nítorí aago mẹ́jọ ni ìṣirò ń bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Ẹ̀yin ìyá, kí ọmọ tó fi ilé sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí ohun kan tí ó jẹ́ búlọ́ọ̀kù wọ inú rẹ̀: ẹ̀wà, ẹyin, ẹja tàbí ẹ̀pà. Bí ẹ bá se é ní alẹ́, ẹ tún un sè kí ó hó dáadáa ní òwúrọ̀, kí ẹ sì gbé e sínú kúlà. Ẹ̀yin bàbá, ẹ gé nínú ẹran yín. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, kí ẹ tó gbé ẹgba, ẹ bi ọmọ léèrè pé kí ni ó jẹ.

Ẹ ó fẹ́ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ọmọ wa ti parí sí. Ìyá rẹ̀ kò fi ọjà sílẹ̀, n kò sì sọ pé kí ó fi í sílẹ̀. Oníṣòwò ni, ọgbọ́n ìṣòwò ni ó fi ṣe é. Ó lọ bá ìyá alákàrà ẹnu géètì, àwọn méjèèjì sì ṣe àdéhùn: òun yóò máa wọn ẹ̀wà fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìyá alákàrà yóò sì máa fún ọmọ rẹ̀ ní àkàrà àti ẹ̀kọ ní gbogbo òwúrọ̀ tí iléèwé bá wà. Owó kò gba ọwọ́ ọmọ kọjá mọ́. Ẹ̀wà ìyá ni ó ń yí lọ yí bọ̀ tí ó fi ń dé ẹnu ọmọ.

Mo pàdé bàbá rẹ̀ ní ojú ọ̀nà láìpẹ́ sí ìgbà náà. Ó nàka sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Tíṣà, ẹ̀yin ni ẹ gba ẹran ẹnu mi." Mo ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Ẹ óò rí i gbà padà lára ọmọ."

Ọmọ náà kò gba ipò kìíní ní òpin sáà; n kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n kò sùn nínú kíláàsì mi mọ́. Ó máa ń sọ̀rọ̀ jù, ó máa ń jà, ó máa ń béèrè ohun tí kò kàn án. Nígbà mìíràn tí ariwo rẹ̀ bá pọ̀ jù, tí ọwọ́ mi bá fẹ́ lọ síbi ẹgba, mo máa ń rántí omi pupa rúsúrúsú yẹn, mo sì máa ń fa ọwọ́ mi padà.